Ẹ Má Tíì Ra Àga: Bí A Ṣe Tún Ilé Wa Létí Adágún Jabi Ṣe

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá tó mú wa gbé kálámù lónìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní òun ti rí ilé kan rà lápá Jabi, pé ilé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ á máa wo adágún omi. Ó ní kí àwọn àgbà bá òun dúpẹ́. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A ò tíì pàtẹ́wọ́ tán tí bàbá kan láàárín wa, tí wọ́n ti wà ní Àbújá láti ìgbà tí apá tó pọ̀ jù nínú Wuse ṣì jẹ́ igbó, fi mi orí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n má da gbogbo owó rẹ sílẹ̀ níbí o. Àgọ́ ni ibí. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko." Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá. Ariwo ta. A ò yanjú rẹ̀ títí a fi ṣe àdúrà ìparí.

Iṣẹ́ wa, bí ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀, ni títa kọ́tìnì àti kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí tọ̀ wá wá. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo kọ́tìnì tó máa bá pálọ̀ mi mu. Mo fẹ́ kí gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀ kí ọdún tó dé. Àga ńkọ́, ibo ni kí n ti rà á?" A ní kó má tíì ra àga, kó má sì tíì ra kọ́tìnì. Ó wò wá bí ẹni pé ara wa kò yá. Òun kò rí oníṣòwò tó ń lé oníbàárà rí. A wá ṣèlérí fún un pé a ó kọ ìdí rẹ̀ síbí, kí ẹlòmíràn náà lè rí i kà.

Ní 2016 ni a ra ilé tiwa. Ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì la ti rà á. Òun náà rà á lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé rẹ̀ tó wà ní Àbújá ní 2005, tí wọ́n ní ẹni tó ń gbé inú ilé ni kó kọ́kọ́ sọ bóyá òun á rà á. Kì í ṣe ilé olówó ńlá. Ṣùgbọ́n tí o bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, wàá rí adágún náà nísàlẹ̀ tó ń dán yanran, wàá rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi wọn láàárọ̀. Omi yìí ló wọ ìyàwó wa lójú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, ó sì máa ń sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti bá wa dé Àbújá, òkúta nìkan ni òun ń rí.

Oṣù Kejìlá la kó wọlé. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, gbogbo ògiri gbẹ táútáú. Ìwọ̀nba ibi tí ọ̀dà ti ṣí nísàlẹ̀ ògiri, a ní ogbó ilé ló fà á. A pe kunlékunlé, ó fi ọ̀dà olóròóró tó ń dán bò ó, ilé sì dà bí ilé ìyàwó tuntun. A wá ṣe ohun tí ọkùnrin tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe: a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ògiri dé ògiri. A ra àga tìmùtìmù tó wá láti òkè òkun, àwọ̀ wàrà. A ra kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n fi eruku pákó àti góòmù lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi bébà dídán bò lójú. A gbé gbogbo wọn ti ògiri gbágbáágbá. Nígbà tí a ṣí ilé, àwọn èèyàn jẹ, wọ́n mu, wọ́n ya fọ́tò lórí àga.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2017. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, ilé ti yí padà. Ọ̀dà tó ń dán wú sókè bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Tí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, omi á sẹ̀ jáde. Kápẹ́ẹ̀tì ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ẹ̀yìn àga tó kọjú sí ògiri ti bu, ó funfun bí ẹfun. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan já sọ́wọ́ ìyàwó wa lọ́jọ́ kan tó fẹ́ mú gèlè, nítorí pákó eruku yẹn ti mu omi, ó sì ti wú bíi búrẹ́dì tí a rì sínú tíì.

Gbogbo ìyẹn, owó ni. Èyí tó dùn wá jù ni ti ìyá ìyàwó wa. Wọ́n wá láti Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n lè sinmi lọ́dọ̀ ọmọ wọn, yàrá tó kọjú sí omi la fún wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sùn lóru. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Dókítà wá béèrè ohun tí a kò retí: "Irú ilé wo ni Màmá ń gbé?" Nígbà tí a ṣàlàyé, ó ní ohun funfun tó ń hù lára ògiri àti àga máa ń tú sínú afẹ́fẹ́ bí ìyẹ̀fun, àgbàlagbà tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée tó bá ń fà á símú lóru kò lè rí oorun sùn. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, Màmá sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Wọ́n ní, "Àna mi, ẹ má bínú o. Ilé yín ń mumi. Ẹ̀yin wá ń daṣọ bo egbò."

A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó wa ní Lugbe. Láàárín oṣù kan, ikọ́ náà lọ sílẹ̀. Àwa tí wọ́n ń pè ní alága, tí a ń bá èèyàn parí ìjà kiri, kò lè gba ìyá ìyàwó wa sílé. Ìtìjú yẹn ló jẹ́ ká jókòó, ká wo ilé náà dáadáa.

Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ sọ ni pé adágún ló ń gun òkè wá bá wa. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. A ti ń múra láti mọ ògiri ńlá dí ọ̀nà omi lẹ́yìn ilé. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí bàbá Gbagyi kan ládùúgbò wa fi kọjá, tí wọ́n sì bi wá léèrè ní èdè Hausa ohun tí a fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù yẹn ṣe. Nígbà tí a sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a yíjú padà. Wọ́n nawọ́ sí òkè, sí iwájú ilé, níbi tí títì wà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, kò sí adágún níbẹ̀, odò kékeré ló ń ṣàn nínú àfonífojì, oko iṣu àti ti bàbà sì ni gbogbo òkè yìí. Pé tí òjò bá rọ̀, gbogbo omi orí òkè á gba abẹ́ ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá odò, ojú ọ̀nà yẹn gan-an sì ni wọ́n kọ́ ilé wa sí. Adágún kò gòkè wá. Òjò ló ń lọ bá adágún, àwa la dúró lọ́nà.

Ẹ wo bí ọgbọ́n ṣe wà lọ́wọ́ onílẹ̀, tí àlejò ń náwó lórí àìmọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan rò pé adágún Jabi ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Rárá o. Ní 1981 ni ìjọba dí odò náà kí olú-ìlú tuntun lè rí omi lò. Lẹ́yìn náà ni dáàmù Usuma tó wà lápá Ushafa di ibi tí omi ẹ̀rọ ìlú ti ń wá. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì 1976 ni òfin tó dá Àbújá sílẹ̀ jáde, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá 1991 sì ni ìjọba kó kúrò ní Èkó wá síbí. Ọmọ Yorùbá kan, Adájọ́ Akínọlá Agúdà, ni alága ìgbìmọ̀ tó dá a lábàá ní 1975 pé kí olú-ìlú wá síbí, Tai Solarin ará Ìkẹ́nnẹ́ náà sì wà nínú ìgbìmọ̀ ọ̀hún. A máa ń fi ìyẹn yangàn nínú ìpàdé wa, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé ilẹ̀ yìí kò ṣófo. Ìjọba kọ́kọ́ ní òun á kó gbogbo àwọn Gbagyi àti àwọn ọmọ onílẹ̀ yòókù kúrò, kó tó di pé owó rẹ̀ pọ̀ jù, tí wọ́n yí ìpinnu padà. Àwọn tó kù ló mọ ibi tí omi ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ilé. Bíríkìlà kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ la pè, àgbà ọ̀jẹ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbẹ́ ìdí ògiri wò níbi mẹ́ta. Ó ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, wọn kò tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù lé e, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀rá náà ti ya. Búlọ́ọ̀kù sì dà bí òwú àtùpà: bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú láìsí ẹni tó ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni omi ilẹ̀ ń gun ògiri, ó lè gùn ún dé ìbàdí èèyàn. Tí o bá wá fi ọ̀dà olóròóró kùn ún, o ti dí ibi tí omi ìbá gbà jáde. Omi á máa gòkè sí i, á máa wá ibòmíràn tí yóò gbà. Ìdí nìyí tí ọ̀dà wa fi wú.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe kò kan ògiri rárá. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí ọ̀rinrin gùn dé lára ògiri kọ̀ọ̀kan, ó kọ déètì sí i. Lẹ́yìn náà ló gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí iwájú ilé, ní ìhà òkè, ó jìn dé itan. Ó tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, ó gbé páìpù tí wọ́n ti lu ihò sí lára lé e, ó tún da òkúta bò ó, ó wá darí páìpù náà sínú gọ́tà títì, kì í ṣe sínú ọgbà aládùúgbò wa o. Omi tó ń bọ̀ láti òkè bá rí ọ̀nà ẹ̀bùrú, ó bá ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí a hú gbogbo òdòdó tí ìyàwó wa gbìn sídìí ògiri. Ìjà ńlá ló fà. Ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ tí a fi gbin òdòdó ti ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, bí ẹni gbé kàǹrìnkàn tó rin gbingbin ti ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló rí. A gbé yẹ̀pẹ̀ náà kúrò títí ó fi lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ ní ìka mẹ́jọ, a da kọnkéré yí ilé ká, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri. A fi gọ́tà sí etí páànù, nítorí omi òrùlé tó ń já sílẹ̀ sídìí ilé lójoojúmọ́ òjò kì í ṣe kékeré.

Lẹ́yìn èyí ló tó kan ògiri. Ó họ gbogbo sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kúrò, láti ilẹ̀ títí kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì ní apá kan, títí búlọ́ọ̀kù fi yọ síta. A ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ padà. Ó ní rárá. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọyẹ́ lù ú. Láti oṣù Kọkànlá títí di ìparí oṣù Kejì la fi gbé nínú ilé tí ògiri rẹ̀ wà níhòòhò. Àlejò á wọlé, á ní, "Alága, ṣé ẹ ń wó ilé ni?" A kò ní àga, orí ẹní la ti ń jẹun. Àwọn ọmọ wa tijú. Àwọn oníbàárà gbọ́ pé alága tó ń ta kọ́tìnì kò ní kọ́tìnì nílé. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tí a máa ń bú pé ó ń la ètè ni ẹ̀rọ ìgbẹ́lé tó dára jù tí Ọlọ́run fún Àbújá, kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí a tún ògiri rẹ́, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn adènà omi mọ́ la lò nísàlẹ̀, ọ̀dà olómi lásán la sì fi kùn ún, èyí tí ògiri lè mí gba inú rẹ̀.

Nígbà yẹn, àpò sìmẹ́ǹtì kò tíì tó ₦3,000. Ẹni tó bá ra sìmẹ́ǹtì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, nígbà tó kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, á mọ̀ pé owó ńlá ni a fi ń ṣe eré tí a bá ń rẹ́ ògiri lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ sílíńgì gba ìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Àbújá, sílíńgì asbestos ló wà níbẹ̀, èyí tó le gbagidi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń gun àkàbà, wọ́n á fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́, eruku á gba inú ilé. Ẹ má gbà fún wọn. Eruku yẹn ní okùn tíntìntín nínú tí ojú kò lè rí, tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí ẹni náà ti gbàgbé pé òun fọ́ sílíńgì rí. Tí sílíńgì náà kò bá tíì bàjẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kùn ún lọ́dà. Tó bá di dandan kó kúrò, ẹ fi omi rin ín, ẹ tú ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹni tó ń ṣe é sì bo imú rẹ̀ dáadáa. Kí ọmọdé má sí nílé lọ́jọ́ náà. Tiwa, méjì péré ló ti sán, ìyẹn la yọ.

Ní ti ẹ̀fọn, ilé etí omi kò lè ṣaláìní in. Ṣùgbọ́n nínú àgbá tí a ṣí sílẹ̀, nínú táyà àti gọ́tà tí kò ṣàn ni púpọ̀ nínú wọn ń bí ọmọ sí, nínú ọgbà ẹni gan-an, kì í ṣe láàárín adágún. Nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo fèrèsé, kí fèrèsé sì kọjú síra wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba inú yàrá kọjá. Ẹ̀fọn kò fẹ́ràn afẹ́fẹ́, ara bíbu náà kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyàwó wa tún fẹ́ kí a na ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn síta sí i, kí a lè máa jókòó wo omi. Ibẹ̀ la ti dúró. Ẹni tó bá wà ní Àbújá láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà, kò lè gbàgbé ariwo katakata. Odindi àdúgbò ni wọ́n wó nígbà náà, àwọn èèyàn wa sì wà lára àwọn tó sùn síta. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi búlọ́ọ̀kù kan kún ilé ní Àbújá láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Development Control, àgàgà létí omi. Ọ̀rọ̀ ìwé sì ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kẹta 2025, ìjọba olú-ìlú kéde pé òun ti gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ 4,794 padà lọ́wọ́ àwọn tí kò san owó ilẹ̀, àwọn kan jẹ gbèsè náà fún ọdún mẹ́wàá, àwọn kan fún ogójì ọdún ó lé. Asokoro, Maitama, Wuse, Garki, àwọn àdúgbò ńlá ni. Owó ilẹ̀ ọdọọdún yìí kì í pọ̀ tó owó àga kan. Àwa alára, ìgbà tí a gbọ́ ìròyìn yẹn la sáré lọ wo ìwé wa, a bá a pé ẹni tó tà á fún wa ti jẹ ọdún mẹ́rin sílẹ̀ kó tó tà á. A kò béèrè nígbà tí a ń rà á. Àwọ̀ àga la ń béèrè.

Ó wá kan àga. Káfíńtà kan ní ọjà Kugbo, lọ́nà Nyanya, ló ṣe àwọn tí a ń lò báyìí. Pákó ọ̀gánwó la ní kó lò fún férémù, a sì bá a dé Dei-Dei láti ra pákó náà. Igi tútù ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín káfíńtà àti oníbàárà ní Àbújá. Igi tí wọ́n là lánàá, tí wọ́n fi ṣe àga lónìí, tí ọyẹ́ bá dé á sán, á lọ́, oríkèé rẹ̀ á máa dún kẹ́kẹ́. Ẹ gbé pákó wò. Bí ó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Káfíńtà wa to pákó wa sábẹ́ àtíbàbà fún oṣù méjì kó tó fi ayùn kàn án, ó fi oògùn ikán kùn ún, ó sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kí igi lè wú lásìkò òjò, kó sì sún kì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo àga wa ní ẹsẹ̀ tó gbé wọn kúrò nílẹ̀. A kò gbé ọ̀kankan ti ògiri mọ́. Ọwọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ lè kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ará Makoko ní Èkó àti àwọn ará Ganvié lórí omi Nokoué ní ilẹ̀ Benin ti ń gbé ilé wọn lé orí òpó igi tipẹ́tipẹ́, afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A máa ń wò wọ́n bí ẹni tí kò rílé gbé. Wọ́n mọ nǹkan tí alága kò mọ̀.

Kò sí kápẹ́ẹ̀tì nílé wa mọ́. Kí àwọn oníbàárà wa má bínú. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè gbígbẹ ní Asokoro lè máa wá rà. Táìsì la tẹ́, a wá ń fi ẹní sí i. Aṣọ àdìrẹ láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta la fi rán ẹ̀wù fóòmù àga, ó ní síípù, a ń bọ́ ọ fọ̀, a ń sá fóòmù sóòrùn ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a wà lórí àga òkè òkun àwọ̀ wàrà, ọmọ kan kò gbọdọ̀ jẹ mọ́ínmọ́ín ní pálọ̀. Igbá fífín láti Ọ̀yọ́ wà lára ògiri, ó jìnnà sí i díẹ̀ lórí ìṣó. Lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò omi Gbagyi ńlá kan ló wà níbẹ̀, ìyàwó bàbá aládùúgbò wa ló bá wa yàn án. Ẹ ranti Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20 tó jáde ní 2007. Suleja, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àbújá kí ìjọba tó gba orúkọ náà fún olú-ìlú, ló ti ṣiṣẹ́ ìkòkò. Omi inú ìkòkò wa máa ń tutù nígbà tí kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ kò sì lọ́wọ́ sí i.

Ìyá ìyàwó wa padà wá ní oṣù Kẹfà 2018, nínú òjò. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n gbé imú sókè nínú yàrá wọn, wọ́n fà á símú lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n tú ẹrù wọn. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò.

Ní ti ọ̀rọ̀ àgọ́ àti ilé tí Bàbá sọ ní ìpàdé, a kò ní já wọn níyàn ní gbangba. Ilé bàbá wa wà ní Ìkìrun, a sì pààrọ̀ páànù rẹ̀ ní 2019, a ń lọ síbẹ̀ lọ́dún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó la ń lò níbẹ̀ nínú ọdún? Níbí la ti ń sùn, níbí làwọn ọmọ wa ti ń mí, ẹ̀dọ̀fóró ìyá wa kò sì mọ̀ pé àgọ́ ni òun wà. Àti pé, ẹ má jẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé a sọ èyí: ní 2024 tí a ṣe ìkómọ ọmọ-ọmọ wa, òjò ká wọn mọ́lé wa, wọ́n sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, a bá wọn lẹ́yìn àga tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ògiri lókè sódò. Wọ́n ní, "Bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, ṣé ó ṣì wà láyé?" Òun ló tún ilé ìdáná wọn ní Karu ṣe.

A ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ bá a. Wọ́n ti fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sára ògiri rẹ̀. Nílé tiwa náà, ibì kan ṣì kù lẹ́yìn ilé ìdáná, kò ju abọ́ ìjẹun lọ, tó máa ń tutù tí òjò bá pọ̀. Bíríkìlà ní páìpù ìdáná ló ń jò, pọ́ḿbà ní irọ́ ni. A ti fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, a kọ déètì sí i. Tó bá di oṣù Keje, a ó wò ó.